Ọmọ mi ní igi pákí lẹ́mìí, tíṣà fagi lé e: kí ló yẹ kí ọmọ kékeré kọ́ ní sáyẹ́ǹsì?

Bàbá_Ìbejì_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde) · Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ sọ ìsọkúsọ ní ìpàdé òbí àti tíṣà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kẹ́hìndé mi wà ní pírámárì kejì ní ilé-ìwé kan níbí. Lánàá ó gbé ìwé ìdánwò sáyẹ́ǹsì wálé. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun ẹlẹ́mìí mẹ́ta. Ó kọ ewúrẹ́, ẹja àti igi pákí. Tíṣà fi bíírò pupa fagi lé igi pákí, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé igi kò lẹ́mìí. Ọmọ náà ò sunkún o, ẹjọ́ ló ń rò. Ó ní, "Dádì, èyí tí Bàbá Àgbà gé lóko tí wọ́n tì bọlẹ̀ ńkọ́? Ṣebí ó yọ ewé." Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, ẹnu mi wọhò.

Mo wá ṣí nótù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ̀mù. Ojú pátákó ni wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ kọ. Ó lè ka ìtumọ̀ afẹ́fẹ́ fún yín láìdúró mí. Mo gbé ike omi tó ti gbẹ lé e lọ́wọ́, mo ní kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan." Inú nótù nìkan ni afẹ́fẹ́ tirẹ̀ wà, kò sí nínú ike.

Kí ló yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ kọ́ gan-an?

Ọmọ_Alárè (Ìjẹ̀bú-Òde) · 9:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ní kí ọmọ kọ ohun tí tíṣà fẹ́, kó gba máàkì ẹ̀, kó máa bọ̀ nílé. Èmi ní èyí tó ń múra kọ́mọ́n ẹ́ńtíráǹsì lọ́wọ́. A, B, C, D ni wọ́n ń bi wọ́n níbẹ̀, wọn kì í bi wọ́n lọ́rọ̀ oko. Owó lẹ́sìnnì tí mo ń san, mi ò san án kí ọmọ lè wá máa bá mi jiyàn lórí igi.

Tíṣà_Ṣágámù · 9:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹ tó bú u. Ọmọ 54 ló wà ní kíláàsì tèmi. Ẹni tó bá pẹ́ dé, orí búlọ́ọ̀kù ló máa jókòó sí. Tí mo bá ní kí gbogbo wọn dìde wá wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo á ju ti ọjà lọ, ọ̀gá á sì wọlé wá bi mí pé ṣé mo ti sùn ni. Dída nótù kọ ló ń mú wọn jókòó. Mo mọ̀ pé kò dáa. Bó ṣe rí ni mo ń sọ.

Àmọ́ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ, ṣe, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2008, kò ní ká máa da nótù kọ. Ó ní kí ọmọ wo nǹkan, kó fọwọ́ kàn án, kó tò ó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sọ ohun tó rí. Àwa la sọ ọ́ di àkọ́sórí.

Ohun tí mo ṣe lọ́dún tó kọjá rèé. Òjò rọ̀, omi dúró nínú táyà kan lẹ́yìn kíláàsì, tanwíji kún inú rẹ̀. Mo bù ú sínú ìgò méjì, mo fi àjákù nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu wọn, mo fi rọ́bà dè é, mo gbé wọn sójú fèrèsé. Mi ò kọ nǹkan kan sí pátákó. Mo ní kí wọ́n máa wá ní mẹ́fà mẹ́fà láràárọ̀, kí oníkálukú ya ohun tó bá rí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tí kì í la ẹnu rárá lọgun: "Tíṣà, ìdí ló fi ń mí!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sì sọ. Ńṣe ni tanwíji inú ìgò yẹn dorí kodò, ìdí wọn kan ojú omi, ibẹ̀ ni ihò tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ wà. Irú èyí tó ń di ẹ̀fọn ibà kì í dorí kodò bẹ́ẹ̀, gbọọrọ ló máa ń sùn sábẹ́ ojú omi. Ọmọ mìíràn ní, tí a bá wá da epo lé omi náà lórí ńkọ́? Mi ò dá a lóhùn. A da òróró díẹ̀ sínú ìgò kejì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti kú tán. Nínú ìgò àkọ́kọ́, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀fọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ìyá kan wá bá mi jà. Ọmọ rẹ̀ ti da gbogbo omi àmù ìyá àgbà nù sẹ́yìnkùlé, ó ní ìdí ń mí nínú rẹ̀.

Yèyé_Gàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:15 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Pákí tí ẹ ń jà lé lórí yẹn, òun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Ẹ kó àwọn ọmọ yẹn wá síbi tí a ti ń ṣe gàrí. Kí wọ́n bá wa bó pákí, kí wọ́n wo èèpo òde àti èèpo inú bí wọn ò ṣe jọra. Tó bá kan ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ dúró lókèèrè, ẹ̀rọ yẹn ò mọ ọmọ olówó. Tí a bá rin ín tán tí a rọ ọ́ sápò, kí wọ́n fi imú kan àpò náà lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kìíní, bí ewé tútù ló ń rùn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, imú á ti gbọ́ pé ó kan. Ẹlòmíì ń fi í sílẹ̀ dé ọjọ́ márùn-ún. Kíkan yẹn ni àwọn ará Èkó ń rà lọ́wọ́ wa o, òun ló sọ ọ́ di gàrí Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ra èyí tí kò kan.

Kí wọ́n wá wo omi tó ń kán lábẹ́ àpò tí a bá fi jáàkì fún un. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí a fi ń so ewúrẹ́ jìnnà síbẹ̀. Ọmọ tó bá rí ìdáhùn ìyẹn fúnra rẹ̀ ti kàwé.

Àgbà_Ìpẹru · 8:30 àárọ̀

Yèyé, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi ọdún 34 ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìntì, mi ò rí ẹni tó la ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì kalẹ̀ báyìí rí.

Fún ẹ̀yin tíṣà nìkan, kì í ṣe fún ọmọ: pákí tútù ní èròjà kan tó ń di májèlé sáyánáìdì tí ara pákí bá ti fọ́. Rírin ló ń tú u sílẹ̀, fífún àti yíyan ló ń lé e lọ. Inú omi tí ẹ fún jáde ló ń bá lọ, òun ni Yèyé ń sá fún nítorí ewúrẹ́. Kòkòrò àìfojúrí ló ń mú un kan, ásíìdì kan náà tó ń mú ògì kan. Ọmọ ọdún méje ò nílò orúkọ kan nínú gbogbo ìyẹn. Kó mọ̀ pé a kì í jẹ pákí tútù, kó sì ti fi imú ara rẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń yí padà nínú àpò tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Orúkọ á bá a níwájú.

Ìwọ Ọmọ_Alárè tí o ní ọ̀rọ̀ oko kì í ṣe ìwé, Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà sí ọ. Nígbà tí Táí Ṣólàrín dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956, oko àti adìyẹ tí àwọn ọmọ ń sìn fúnra wọn wà lára ẹ̀kọ́ wọn.

Ó kan igi pákí. Bàbá Ìbejì, ọmọ yín jàre, ṣùgbọ́n mi ò dá tíṣà náà lẹ́bi tán, nítorí ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ wọ́. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀mí" ló dá ìjà sílẹ̀. Nínú èdè wa, ohun tó ń mí ni ọmọdé máa ń rò tó bá gbọ́ ẹ̀mí, igi ò sì mí lójú rẹ̀. Ẹ tún wò ó: iná kú, mọ́tò kú sójú ọ̀nà, fóònù kú lọ́wọ́ yín. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì, ọmọ kan bi mí pé, "Tíṣà, tí iná ò bá lẹ́mìí, báwo ló ṣe wá kú?" Iná ń jẹ igi, ó ń dàgbà, ó ń bí òmíràn, ó ń kú. Gbogbo àmì tí ìwé kọ sílẹ̀ ló ní! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi bá ìbéèrè yẹn fà á. Mi ò rí ọ̀sẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọdún iṣẹ́ mi. Ọmọ tó ń bi yín bẹ́ẹ̀ ti wọnú sáyẹ́ǹsì lọ. Ẹ má fi bíírò pupa lé e jáde.

Rẹ́mọ_Òkèòkun (ọmọ Òdè Rẹ́mọ, Manchester) · 10:11 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbọ́ èyí. Níbí ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje kì í pín nǹkan sí méjì, mẹ́ta ni wọ́n ń pín in sí, ó sì wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: ohun tó wà láàyè, ohun tó ti kú, àti ohun tí kò wà láàyè rí. Ọmọ mi kó gbogbo ilé sínú páálí mẹ́ta lọ́dún tó kọjá, títí kan bàtà aláwọ mi, ó ní màlúù tó ti kú ni.

Ohun mìíràn tí mo ṣàkíyèsí ni pé wọn kì í kánjú. Ní ọdún àkọ́kọ́, ewéko, ẹranko, ara èèyàn, ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan (igi, irin, ike, aṣọ) àti bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà, ó tán. Wọn ò dárúkọ iná mànàmáná fún wọn títí wọ́n fi pé ọdún mẹ́jọ.

Àgbà_Ìpẹru · 10:40 àárọ̀

"Wà láàyè"! Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa lò láti àárọ̀ nìyẹn. Ọmọdé mọ̀ pé igi tó tutù wà láàyè, kódà bí kò bá mí lójú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, ẹ gé igi pákí mẹ́ta tó gùn bákan náà. Kí ọ̀kan jẹ́ tútù. Kí èkejì jẹ́ èyí tó ti gbẹ sórí ààrò. Ẹ̀kẹta, ẹ fi ọ̀bẹ gé gbogbo ojú tó wà lára rẹ̀ kúrò, ibi tí ewé ti ń yọ. Ẹ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọlẹ̀ síbì kan náà. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ èyí tó rò pé yóò hù, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó bomi rin ín. Kíkọ yẹn ṣe pàtàkì o, nítorí tó bá hù tán, gbogbo wọn ni yóò ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé òtútù àti yìnyín òyìnbó wá kọ́ wọn. Òjò, ọ̀gbẹlẹ̀, ọyẹ́, ìwọ̀nyí ni kí ọmọ Rẹ́mọ máa kọ sílẹ̀. Mo ti rí ìwé kan tó ní ìgbà mẹ́rin ló wà lọ́dún.

Tíṣà_Ṣágámù · 11:05 àárọ̀

Bàbá, agbọ̀n mẹ́ta ni èmi máa lò, páálí ò pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi. Àmọ́ mo ti rí wàhálà níwájú. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà níbí fún sìmẹ́ńtì, inú agbọ̀n wo ni? Àwọn ọmọ máa ń he é wá, ẹ sì máa ń rí ojú ìkarahun nínú rẹ̀. Ohun tó wà láàyè nínú òkun nígbà ìwáṣẹ̀ ló di òkúta.

Àgbà_Ìpẹru · 11:09 àárọ̀

Ẹ gbé e sáàárín agbọ̀n kejì àti ẹ̀kẹta, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jà sí i.

Ẹ tún fún wọn ní obì. Ní Rẹ́mọ, ọmọ wo ni kò rí obì rí? Ẹ da gbànja àti àbàtà pọ̀, ẹ ní kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ láìsọ orúkọ fún wọn. Ẹni tó bá là á yóò rí i pé awẹ́ méjì ni gbànja ní, àbàtà lè ní mẹ́ta, mẹ́rin, dé mẹ́fà. Awẹ́ yẹn ni oúnjẹ tí igi obì kékeré máa jẹ kó tó yọ ewé, bíi ti ẹ̀wà tó là sí méjì nínú òwú tútù. Àwọn ìyá ìyá wọn ti ń fi ojú ya obì báyìí tipẹ́.

Ọmọ_Alárè · 12:20 ọ̀sán

Ẹ̀yin àgbà, gbogbo èyí dùn lẹ́nu. Ní Yorùbá ni ẹ ń sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ìjọba ní 2022 sọ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ pírámárì, ìjọba tó dé lẹ́yìn rẹ̀ wọ́gi lé e ní 2025. Ta ni kí n tẹ̀lé?

Àgbà_Ìpẹru · 12:51 ọ̀sán

Tẹ̀lé ohun tí a ti dán wò. Ní 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní pírámárì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n wò wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yẹn ló ṣe dáadáa jù, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń bẹ̀rù.

Tíṣà_Ṣágámù · 1:15 ọ̀sán

Ní tèmi, ẹnu ni mo fi ń sọ Yorùbá, pátákó ni mo fi ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì sẹ́ni tó mú mi.

Ẹlẹ́rọ_Ìlíṣàn · 3:33 ọ̀sán

Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà, mo ka ọ̀rọ̀ 54 ọmọ lórí búlọ́ọ̀kù, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun tí kò náni lówó wá.

Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ní gbangba. Kí àwọn ọmọ fi òkúta sàmì sí orí òjìji rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Wọ́n á rí i pé òjìji kúrú jù nígbà tí òòrùn ga jù. Ìgbà wo nìyẹn? Gbogbo wọn á ní agogo 12. Irọ́ ni! Níbí, agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, díẹ̀ ṣáájú tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí agogo tí gbogbo Nàìjíríà ń lò, ibi tó wà níwájú wa jìnnà níhà ìlà-oòrùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí 7 oṣù kẹrin àti nǹkan bí 5 oṣù kẹsàn-án, òòrùn máa ń wà ní àtàrí wa gangan. Ọ̀pá tó dúró ṣánṣán kì í ní òjìji lásìkò yẹn. Èmi fúnra mi ti pé ọgbọ̀n ọdún kí n tó rí i, ẹnu yà mí bí ọmọ kékeré. Kí wọ́n má ṣáà tẹjú mọ́ òòrùn o, ilẹ̀ ni kí wọ́n máa wò.

Bàbá_Ìbejì_Òde · lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Àìkú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú àdúrótì. Mo lọ sí ìpàdé náà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn gbé igi pákí kan dání, mo bi tíṣà bóyá a lè gbìn ín sẹ́yìn kíláàsì. Ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ni òun fi máàkì. Òun náà ò fara mọ́ ọn.

A gbin mẹ́ta nílé, wọ́n gbin mẹ́ta nílé-ìwé. Ti ilé-ìwé, èyí tútù yọ ewé lọ́jọ́ kọkànlá. Gbígbẹ àti èyí tí a gé ojú rẹ̀ dúró bí igi ọgbà. Táíwò ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa hù, ó fẹ́ fi rọ́bà pa á rẹ́, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ilé wa ló ṣe mí ní kàyéfì. Èyí tútù ò hù. Mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ, kí ìyá wọn tó ká Kẹ́hìndé mọ́ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ojoojúmọ́ ló ń fa igi náà tu láti wo bóyá gbòǹgbò ti yọ, á wá tì í padà. A ti gbin òmíràn, ó ti gbà pé òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní kí á gbin ẹ̀kejì tí òun á máa fà tu, kí a lè fi wéra.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí: ẹyin tó wà nínú fìríìjì, agbọ̀n wo ni ká kó o sí?

Yèyé_Gàrí · 5:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹyin àgbébọ̀ tí kò rí àkùkọ, ẹ pa á pọ̀ mọ́ ọbẹ̀. Ti abẹ́ adìyẹ ìbílẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i nídìí lóru, kí ọmọ wo iṣan pupa nínú rẹ̀. Ó tó ọjọ́ 21 kó tó pa, kó máa kà á.

Ọmọ_Alárè · 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, máàkì yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n dá a padà?

Bàbá_Ìbejì_Òde · 6:12 ìrọ̀lẹ́

Wọn ò dá a padà. 17 nínú 20 náà ni.